Ìbéèrè Olùdásílẹ̀

"Kí ni kò sí nínú yàrá yìí tó yẹ kó wà níbẹ̀?"

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló bi wá bẹ́ẹ̀ nídìí oúnjẹ, ó gbé ṣíbí rẹ̀ sókè bí ẹni tó fẹ́ fi kan ẹni tó bá kọ́kọ́ yanu lórí. Ọkọ rẹ̀, oníṣègùn eyín tí ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀ nítorí ẹnu ẹlòmíràn ló máa ń là látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ń yọ egungun ẹja. Màmá wa ṣe bí ẹni tí etí wọn ti di, àìsàn kan tó máa ń wá, tó sì máa ń lọ bó bá ṣe wù wọ́n. Èmi ń wo ògiri. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, tí a sọ ní Adájọ́ nítorí pé kì í sọ̀rọ̀ àfi tó bá wo ọ̀tún tó wo òsì, wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sì ń bá oúnjẹ rẹ̀ lọ.

"Ẹ jẹ́ kí ọmọ jẹun ná," ni Màmá wí nígbà tí etí wọn là padà. "Ìbéèrè ò ní sá lọ."

Wọn ò parọ́. Ìbéèrè náà ò tíì sá lọ láti bí ọgọ́rùn-ún ọdún ó lé. Ìbéèrè ilé-ìwé kan nílùú wa ni. Ilé-ìwé aládàáni ni, bọ́dìn tí àwọn ọmọ ń gbé inú rẹ̀ ni, òkúta ni wọ́n fi kọ́ ọ, ó sì ti dàgbà ju ọ̀pọ̀ nǹkan tí ìjọba ń pè ní ohun àtijọ́ lọ. Ibẹ̀ ni àwọn adájọ́ ti jáde, ibẹ̀ ni àwọn dókítà ńlá ti jáde, ibẹ̀ náà sì ni àwọn kan ti jáde tí iṣẹ́ kan ṣoṣo tí wọ́n ń ṣe láyé kò ju kí wọ́n máa sọ ibi tí wọ́n ti jáde lọ. Bí ọmọ bá fẹ́ wọ ibẹ̀, yóò kọ́kọ́ ṣe ìdánwò bí ti gbogbo ayé. Àwọn tó bá yege á wá wọ yàrá Olùdásílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì bi wọ́n ní ìbéèrè kan péré, ìbéèrè tí Olùdásílẹ̀ fúnra rẹ̀ máa ń bi ọmọ kọ̀ọ̀kan nígbà ayé rẹ̀. Ìdáhùn yẹn ló ń mú ọmọ wọlé, òun náà ló sì ń tì í jáde.

Kò sí ẹni tó mọ ìdáhùn tó tọ́. Ẹ má rò pé wọ́n fi pamọ́ ni. Olùdásílẹ̀ kú láìsọ ọ́, àwọn tó jókòó tẹ̀ lé e rántí ìbéèrè, wọ́n gbàgbé ìdí rẹ̀, ìtìjú ò sì jẹ́ kí wọ́n bi ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn ń wo ẹnu ẹni tó ń lọ, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń gbé e bọ̀. Lọ́jọ́ òní, bí wọ́n ṣe ń díwọ̀n ìdáhùn ni pé kí ó wúwo. Àlọ́ tí àwọn tó ń pa á kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀, àwọn kan náà ló wá ń fún èèyàn ní máàkì lórí rẹ̀!

Ẹ̀gbọ́n mi ti dúró nínú yàrá náà rí. Ọmọdé ni, bàbá wa ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, wọ́n bi í pé kí ni kò sí nínú yàrá náà tó yẹ kó wà níbẹ̀, ó ní, "Bàbá mi." Wọ́n wo ara wọn. Wọ́n ní ó dunni, àmọ́ kò wúwo tó. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀gbọ́n mi ti di apoògùn, ó ti ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, ó ti ní ọkọ àti ọmọ, ó sì máa ń sọ pé òun ò rí ti ilé-ìwé náà rò rárá. Àmọ́ bó bá ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀, ọ̀nà tó yípo gba ẹnu géètì ilé-ìwé náà ló máa ń gbà.

Adájọ́ ní tirẹ̀ kò mọ̀ pé ogun ìyá òun ni wọ́n fẹ́ rán òun lọ jà. Ohun tó fẹ́ ò ju adágún ìlúwẹ̀ẹ́ lọ. Ilé-ìwé náà ní ọ̀kan tó wà lábẹ́ òrùlé, kò sì sí irú rẹ̀ ní ilé-ìwé mìíràn ní gbogbo agbègbè wa. Ọmọ tí wọ́n ń fi ariwo yọ nínú omi ìwẹ̀ láti kékeré ni.

"Bọ̀ọ̀dá," ó bi mí nígbà kan, "tí wọn ò bá gbà mí, ṣé mo lè máa wọlé lọ lúwẹ̀ẹ́ kí n sì máa padà sílé?"

"Géètì ibẹ̀ ò mọ ìyẹn."

"Ó dáa, a jẹ́ pé wọ́n gbọ́dọ̀ gbà mí nìyẹn." Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ka ìwé ìdájọ́ tán.

Ẹ̀gbọ́n mi mú un lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Tíṣà Ìjìnlẹ̀. Iṣẹ́ ọkùnrin náà ni kí ó máa kọ́ àwọn ọmọ ní bí wọ́n ṣe máa dáhùn ìbéèrè kan ṣoṣo yẹn. Ó fi í kọ́lé. Èmi ni mo máa ń mú Adájọ́ lọ, torí mo ń wáṣẹ́ nígbà náà, ẹni tó bá sì ń wáṣẹ́ nínú ẹbí wa, gbogbo ẹbí ló ti gbà á síṣẹ́.

"Ẹ má sọ ohun tí ojú rí o!" Tíṣà Ìjìnlẹ̀ máa ń pariwo sí àwọn ọmọ tó tò jọ sí pálọ̀ rẹ̀. "Ohun tí ojú rí, ewúrẹ́ náà rí i. Kí ni kò sí nínú yàrá?"

"Ìrẹ̀lẹ̀!" ni àwọn ọmọ ń ké.

"Kí tún ni?"

"Ọjọ́ ọ̀la!"

Àwọn ọmọ tí òbí wọn ní lọ́wọ́ ju tiwa lọ wà ní yàrá kejì, níbi tó ti ń kọ́ wọn ní "Ìdákẹ́jẹ́". Ìdákẹ́jẹ́ wọ́n ju Ìrẹ̀lẹ̀ lọ. Adájọ́ na ọwọ́ sókè.

"Sà, tí mo bá débẹ̀ tí ìrẹ̀lẹ̀ bá wà níbẹ̀ ńkọ́?"

Tíṣà Ìjìnlẹ̀ wò ó, ó wò mí, ó ní ká lọ dúró de òun níta. Nígbà tó jáde, èmi náà bi í léèrè tèmi. "Ṣé ẹ ti wọ yàrá náà rí, sà?"

"Èmi kẹ̀?" Ó rẹ́rìn-ín títí tí ikùn rẹ̀ fi ń gbọ̀n. "Ọmọkùnrin yìí, ṣé dókítà ní láti kọ́kọ́ ṣàìsàn kó tó tọ́jú aláìsàn ni?"

Kò sí ohun tó ń dà mí láàmú bí àdììtú tí kò parí. Bí mo bá ń to àwòrán tí wọ́n gé sí wẹ́wẹ́, tí ẹyọ kan bá sọnù nínú rẹ̀, màá ká kápẹ́ẹ̀tì, màá yẹ abẹ́ àga wò, màá di ẹ̀bi ru gbogbo aráalé. Nítorí náà, mo ní bí ìbéèrè ò bá tiẹ̀ yé wa, ó yẹ kí yàrá yé wa. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwọn tó ti wọ ibẹ̀ rí kí n lè ya àwòrán rẹ̀. Lọ́yà kan sọ fún mi pé ohun tí òun dáhùn ni "Èmi alára," pé láti ìgbà náà ni òun ti ń sọ ọ́ ní gbogbo ìpàdé. Ìyàwó rẹ̀ tó wà nítòsí mí kanlẹ̀ bí ẹni tó gbé ẹrù òkúta. Mo bi lọ́yà pé fèrèsé mélòó ló wà nínú yàrá náà. Kò mọ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó jẹ́ kọ́lékọ́lé ní fèrèsé kankan ò sí níbẹ̀, àwọn méjèèjì sì fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ̀yá ìjà lórí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà wá yé mi díẹ̀. Ẹni tí wọ́n bi pé kí ni kò sí nínú yàrá, inú orí ara rẹ̀ ló ń wò. Kò sẹ́ni tó wo yàrá.

Ọjọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò pé. A wọ géètì, a kọjá lábẹ́ aago ńlá kan tó ti kú tipẹ́tipẹ́. Wọn ò tún un ṣe, wọ́n ní ìtàn ni. A yí pápá kan po torí koríko ibẹ̀, àwọn tó bá ti jáde ilé-ìwé nìkan ló lè tẹ̀ ẹ́. Wọ́n mú wa gba inú ilé tí àwọn ọmọ ń sùn sí, níbi tí ọmọ ilé-ìwé kan tó wọ kóòtù olómi aró ti ń ṣàlàyé fún wa tayọ̀tayọ̀ pé omi gbígbóná ò sí.

"Ó ti bàjẹ́ ni?" ni ọkọ ẹ̀gbọ́n mi bi í.

"Rárá o, sà. Kò tíì sí rí ni. Ó ń kọ́ wa níwà."

"Owó ilé-ìwé wọn ńkọ́, ṣé òun náà tutù?" ni ọkọ ẹ̀gbọ́n mi sọ sí mi létí. Ọ̀rọ̀ tó sọ lọ́jọ́ náà ti tó.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú yàrá Olùdásílẹ̀ kún fọ́fọ́ fún òbí àti ọmọ, gbogbo wọn sì wà lórí ìdúró. Ètè àwọn ọmọ ń mì bí ti ẹni tó ń kọ́ àkọ́sórí. Ọmọkùnrin kan jáde pẹ̀lú ẹkún. "Ìrẹ̀lẹ̀" ló sọ, wọ́n sì sọ fún un pé ìrẹ̀lẹ̀ ti pọ̀ jù láàárọ̀ yẹn.

Òfin wọn ni pé ẹni kan nínú ẹbí lè bá ọmọ wọlé, kó dúró sẹ́yìn, kó sì pa ẹnu dé. Bó bá fọhùn, ọmọ rẹ̀ ti pàdánù.

"Ìwọ ni kó o bá a wọlé," ẹ̀gbọ́n mi wí fún mi.

"Ẹ̀yin kọ́ lẹ bí i ni?"

"Bí mo bá wọ ibẹ̀, èmi ni màá dáhùn." Ó tún ọrùn aṣọ ọmọ rẹ̀ ṣe, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí nǹkan kan tó ṣe é.

A wọlé. Fèrèsé méjì ni, ẹ bá mi sọ fún lọ́yà. Tábìlì ńlá kan wà níbẹ̀, àga aláwọ mẹ́ta sì wà lẹ́yìn rẹ̀, irú èyí tó máa ń mí fùù bí èèyàn bá jókòó lé e. Ọ̀gá àgbà ilé-ìwé, obìnrin kan tí okùn so awò ojú rẹ̀ mọ́ ọrùn, jókòó sáàárín. Igbákejì rẹ̀ jókòó sápá òsì, bàbá àgbàlagbà kan tí oorun ti ń gbé lọ díẹ̀díẹ̀. Lápá ọ̀tún ni Alága ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde wà, pẹ̀lú táì aláwọ̀ ilé-ìwé lọ́rùn. Lókè orí wọn ni àwòrán Olùdásílẹ̀ wà, ọkùnrin gìrìwò kan tí ayàwòrán fi tipátipá rí àyè fi orí rẹ̀ sí. Adájọ́ dúró sórí pákó ilẹ̀ níwájú tábìlì, ó kí wọn. Èmi fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn.

Ọ̀gá àgbà tún ohùn rẹ̀ ṣe bí ẹni tó fẹ́ ka ìwé mímọ́. "Ọmọ wa, kí ni kò sí nínú yàrá yìí tó yẹ kó wà níbẹ̀?"

Adájọ́ wo ọ̀tún. Ó wo òsì. Ó wo abẹ́ tábìlì pàápàá.

"Àga, mà."

"Kí lo wí?"

"Àga tí màá jókòó lé, mà. Ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti jókòó. Ìbéèrè lẹ fẹ́ bi èmi, èmi ni mo wà lórí ìdúró."

Oorun dá lójú igbákejì. Alága ẹgbẹ́ gbọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó tẹ̀ síwájú, ojú rẹ̀ ń tàn. "Ẹ dúró ná, ẹ dúró ná. Ṣé àga tí ò ń sọ yìí, ipò aṣáájú ni? Pé àwọn aṣáájú rere ò sí mọ́ láwùjọ?"

Ó ku díẹ̀ kí n pariwo pé, "Sọ pé bẹ́ẹ̀ ni!" Mo bu ahọ́n mi jẹ.

"Rárá, sà," ni ọmọ náà wí. "Àga ìjókòó ni. Ẹsẹ̀ ń ro mí."

"Ṣé àga inú ọkàn ni?" ni igbákejì béèrè, tó fẹ́ ràn án lọ́wọ́.

"Onígi, sà. Onírọ̀bà náà dáa."

Ọ̀gá àgbà yọ awò ojú rẹ̀. "Láti ìgbà tí mo ti wà níbí, kò sí ọmọ tó jókòó nínú yàrá yìí rí."

"Ohun tí àgbà bá rí lórí ìjókòó," ni Alága ẹgbẹ́ wí, ó sì fara ti ẹ̀yìn títí àga rẹ̀ fi mí fùù, "bí ọmọdé gun orí igi, kò lè rí i."

Adájọ́ ro ọ̀rọ̀ náà dáadáa. "Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ó dáhùn. "Ẹ̀yin lẹ jókòó."

Wọ́n forí korí. Mo gbọ́ "àìlọ́wọ̀", mo gbọ́ "máàkì ìdánwò rẹ̀ ló ga jù". Níkẹyìn, ọ̀gá àgbà sọ pé àwọn fẹ́ ṣàánú rẹ̀: kó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kó ronú díẹ̀, kó sì padà wá pẹ̀lú ìdáhùn gidi. Bí kò bá rí i, kó máa bá àwọn òbí rẹ̀ lọ sílé.

Ẹ̀gbọ́n mi ti rọ̀ mọ́ ilẹ̀kùn kí a tó ṣí i. "Kí lo sọ fún wọn?"

"Àga, Màmi."

"Àga?" Ó di orí rẹ̀ mú. "Èmi sọ bàbá mi, wọ́n ní kò wúwo. Ìwọ wá lọ ń sọ àga!" Ó bẹ̀rẹ̀ níwájú ọmọ náà, ó di èjìká rẹ̀ méjèèjì mú, ohùn rẹ̀ sì yí padà. "Jọ̀ọ́, ọmọ mi. Sọ Ìdákẹ́jẹ́. Tàbí Ọjọ́ ọ̀la. Ẹ̀ẹ̀kan péré, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Bó o bá ti wọlé tán, o lè máa sọ ohun tójú rẹ rí títí ayé. Ṣé o ò fẹ́ lúwẹ̀ẹ́ mọ́ ni?"

Omijé lé ròrò sí ojú Adájọ́, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn látàárọ̀. "Mo fẹ́ lúwẹ̀ẹ́. Àmọ́ ọjọ́ ọ̀la kì í wà nínú yàrá, Màmi. Àga ni kò sí níbẹ̀. Ẹsẹ̀ ń ro mí lóòótọ́."

Kò sí ibi ìjókòó kankan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà. Kàkà bẹ́ẹ̀, àwọn òbí tò sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, wọ́n ń ya fọ́tò. Nígbà tí a kọ́kọ́ dé, mo rò pé ọ̀gá ńlá kan ló wà láàárín wọn. Àga ni. Àga onígi kan ni wọ́n fi okùn pupa yí ká níbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́jáde kan tó wọ irú táì tí Alága wọ̀ sì dúró tì í, ó ń ṣàlàyé.

"Àga Olùdásílẹ̀ rèé," ó ń wí. "Ẹ wò ó bó ṣe kúrú. Ọkùnrin gìrìwò bẹ́ẹ̀, ohun tó ń jókòó lé nìyí! Ìrẹ̀lẹ̀ ni. Ibi tó fi sí ní ẹnu ọ̀nà yìí gan-an ló wà títí dòní, a ò gbé e kúrò lójú kan rí."

"Ìrẹ̀lẹ̀ ńlá," ni àwọn òbí ń wí.

"Ẹnu ọ̀nà ló máa ń jókòó sí ni?" ni ọkọ ẹ̀gbọ́n mi béèrè, tí gbogbo wa fi yíjú wò ó.

"Kí ló dé tí kò fi ní í jókòó síbẹ̀?" ni onítáì dáhùn. "Ẹni ńlá ni."

Orí bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi. Àga náà kò ga ju orúnkún mi lọ. Bí ọkùnrin inú àwòrán yẹn bá jókòó lé e, orúnkún rẹ̀ á máa bá etí rẹ̀ sọ̀rọ̀. Mo fẹ́ la ẹnu, àmọ́ Adájọ́ ti wo ọ̀tún, ó ti wo òsì, ó ti bẹ̀rẹ̀ gba abẹ́ okùn pupa, ó sì ti jókòó.

Ó bá a mu bí aṣọ tí wọ́n wọn sí i lára. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kanlẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ gún, ìgbáròkó rẹ̀ kún ojú àga láìṣẹ́kù. Ó mí kanlẹ̀.

Ariwo ta. "Dìde níbẹ̀!" "Ọmọ ta nìyí?" Onítáì ń fọwọ́ lu okùn pupa bí ẹni tí okùn náà já kulẹ̀. Ilẹ̀kùn ṣí, ọ̀gá àgbà yọ, igbákejì àti Alága sì wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Dìde lórí àga yẹn kíákíá!"

"Ẹ má bínú, mà," ni Adájọ́ wí. Ó dìde. Ó wo àga náà, ó wo ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ nítòsí rẹ̀, kò ju kéèyàn nawọ́ lọ. Ó fi apá kan gbé àga náà, torí ọmọdé ni wọ́n kàn án fún láti gbé, ó sì gba àárín àwọn àgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọjá wọnú yàrá.

Ẹnu yà wọ́n débi pé wọ́n yà fún un. Mo tẹ̀ lé e. Ẹ̀gbọ́n mi tẹ̀ lé mi, ó gbàgbé òfin. Adájọ́ gbé àga náà sílẹ̀ níwájú tábìlì, ó rọra ṣún un díẹ̀, ẹsẹ̀ àga mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì wọnú ihò fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mẹ́rin tó ti jẹ wọnú pákó ilẹ̀ níbẹ̀, kò, kò, kò, kò, lórí ibi tí gbogbo ọmọ ìlú yìí ti ń dúró láti ọdún gbọọrọ, tí ẹ̀gbọ́n mi pàápàá ti dúró lé.

Ọ̀gá àgbà ń wo ilẹ̀. Adájọ́ jókòó, ó gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lé itan, ó sì gbójú sókè wò wọ́n.

"Ó ti pé báyìí, mà," ó wí. "Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí."